Ilẹ̀kùn Ta Ni A Ó Kàn?

Kí ó tó di ọdún 2001, ẹni tó bá dé Gangare ní àárín ìlú Jos yóò bá Haúsá níbẹ̀, yóò bá Ígbò, yóò bá ọmọ ìbílẹ̀ Plateau, yóò sì bá Yorùbá. Ìwakùsà àti rélùwéè ni àwọn bàbá wa tẹ̀lé dé Jos láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ sì pọ̀ nínú wọn. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní Gangare, ṣùgbọ́n Kìrìsìtẹ́nì ń gbé láàárín wọn, ògiri lásán ló là wọ́n. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ keje oṣù Kẹsàn-án 2001, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ní àdúgbò Congo-Russia, ó ràn káàkiri ìlú, kò sì rọlẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Àjọ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn, Human Rights Watch, ní ó ṣeé ṣe kí àwọn tó kú tó ẹgbẹ̀rún kan. Ní oṣù Kọkànlá 2008, lẹ́yìn ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ Jos North, ó tún ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2010, ó tún ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn ìjà kọ̀ọ̀kan ni àwọn ènìyàn ń kó ẹrù. Kìrìsìtẹ́nì ń kúrò ní Gangare, Mùsùlùmí ń kúrò níbi tí Kìrìsìtẹ́nì ti pọ̀. N kò bá wọn wí. Ta ni yóò dúró síbi tí wọ́n ti jó ilé rẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìrẹ ló lè tètè fi ọ́ pamọ́ lóru. Bí ẹ̀sìn kan bá wà ní apá ìhín, tí èkejì wà ní apá ọ̀hún, ilẹ̀kùn ta ni ẹni tí wọ́n ń lé yóò kàn?

Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni ìbéèrè yẹn, ṣùgbọ́n a máa ń sọ̀rọ̀ ọmọlúàbí bí ẹni pé ìkúnlẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ àti ẹ kú iṣẹ́ ló parí rẹ̀. Àwọn àgbà tó fún wa ní ọ̀rọ̀ náà ka inúure mọ́ ọn, wọ́n ka akínkanjú mọ́ ọn, wọ́n sì ka ọpọlọ pípé mọ́ ọn. Adékúnlé Fájuyì, gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, fi akínkanjú hàn wá ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 29 oṣù Keje 1966: àlejò rẹ̀, Aguiyi-Ironsi tó jẹ́ olórí orílẹ̀-èdè, ni àwọn ọmọ ogun wá mú, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì pa. Ọpọlọ pípé la kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni inúure tí kò ní ètò kò lè dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo Ọbadáyà nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní, orí kejìdínlógún. Òun ni alákòóso ààfin Áhábù. Ayaba Jésébélì ń pa àwọn wòlíì, Ọbadáyà kó ọgọ́rùn-ún nínú wọn pamọ́ sínú ihò àpáta. Kò kó wọn síbì kan náà. Àádọ́ta-àádọ́ta ló pín wọn sí, ó sì ń fi oúnjẹ àti omi bọ́ wọn. Ọ̀dá ń dá nígbà náà. Ọba fúnra rẹ̀ ń wá koríko kiri kí ẹṣin àti ìbaaka rẹ̀ má baà kú, ó sì rán Ọbadáyà yìí kan náà pé kó bá òun wá a. Ẹ rò ó wò: omi ọgọ́rùn-ún ènìyàn, lójoojúmọ́, nígbà tí ọba gan-an kò rí koríko fún ẹṣin. Ta ló ń pọn ọ́n? Ọ̀nà wo ló ń gbà kọjá tí àwọn aṣọ́nà kò fi fura? Bíbélì kò sọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ti bọ́ èrò púpọ̀ rí mọ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ètò, ó sì ń fẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn tó lè pa ẹnu mọ́.

Ní ìpínlẹ̀ Plateau tí Jos wà, irú rẹ̀ ṣojú wa. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà 2018, àwọn agbébọn kọlu àwọn abúlé kan ní Barkin Ladi, àwọn Kìrìsìtẹ́nì tó ń sá àsálà sì ya wọ abúlé Nghar. Lémọ́ọ̀mù ibẹ̀, Àlùfáà Abubakar Abdullahi, ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà náà, kó wọn sínú ilé rẹ̀ àti mọ́sálásí. Wọ́n jẹ́ 262. Nígbà tí àwọn agbébọn dé, bàbá arúgbó yìí jáde sí wọn, ó dojú bolẹ̀, ó ń sunkún, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa lọ. Wọ́n lọ. Ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní àmì ẹ̀yẹ ní oṣù Keje 2019.

Ohun tó wọ̀ mí lára jù nínú ìtàn náà ti pẹ́ ju 2018 lọ. Ilẹ̀ tí mọ́sálásí yẹn wà, àwọn Kìrìsìtẹ́nì agbègbè náà ló fi í ta àwọn Mùsùlùmí lọ́rẹ, ní nǹkan bí ogójì ọdún ṣáájú, láìgba kọ́bọ̀. Lémọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ ló rántí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bi í léèrè ìdí tó fi ṣe ohun tó ṣe. Àwọn tó yọ̀ǹda ilẹ̀ kò mọ̀ pé ibi tí àwọn ènìyàn wọn yóò sá sí ni wọ́n ń fi lélẹ̀.

Ìbéèrè kan kò ní ṣàì wáyé. Lémọ́ọ̀mù sọ fún àwọn agbébọn pé kò sí Kìrìsìtẹ́nì níbẹ̀. Ṣé ọmọlúàbí ń parọ́? Ráhábù náà purọ́ ní Jẹ́ríkò nígbà tí àwọn amí Ísírẹ́lì tó fi pamọ́ wà lórí òrùlé rẹ̀. Ìdáhùn tèmi kò le: òtítọ́ jẹ́ gbèsè tí à ń san fún ọmọnìkejì kí ó lè bá wa gbé ní àlàáfíà, ẹni tó sì mú ìbọn wá láti pa èrò inú ilé kò ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wa. Èmi kò rí àbùkù kankan lára ìwà bàbá yẹn.

Kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ló lè dáàbò bo ọmọnìkejì; odindi àdúgbò pẹ̀lú lè ṣe é. Dadin Kowa wà ní Jos South, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ló ń gbé ibẹ̀, ìjà ńlá 2001, 2008 àti 2010 kò sì fọ́ ọ. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Jana Krause ṣe ìwádìí lórí rẹ̀. Àwọn olórí ẹ̀sìn méjèèjì máa ń pàdé, wọ́n ń tọpa àhesọ kí ó tó di iná, wọ́n ń bá àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ gbẹ̀san sọ̀rọ̀, wọn kì í sì í jẹ́ kí jàǹdùkú láti ìta wọlé. Iṣẹ́ yìí a máa súni. Ìpàdé lórí ìpàdé ni, ó sì ń ba orúkọ àwọn olórí náà jẹ́, nítorí àwọn ènìyàn tiwọn a máa pè wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀.

Bí ti ààbò ṣe rí ni ti oúnjẹ rí: ètò rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà kí ìṣòro tó dé. Jósẹ́fù kó ọkà jọ ní Íjíbítì, nígbà tí ìyàn mú, ó ṣí gbogbo àká sílẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 2020, àwọn ará ìlú já ilé ìkẹ́rùsí kan ní Bukuru, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jos, wọ́n kó oúnjẹ ìrànwọ́ Kòrónà tó wà níbẹ̀ lọ. Olè kò dára, èmi kò sì ní gbè é lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n olórí tí oúnjẹ wà lábẹ́ àkóso rẹ̀, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń sùn lébi, ti kùnà kí ẹnikẹ́ni tó fọ ilẹ̀kùn.

Nítorí náà, mo fẹ́ kí àwọn olóyè Yorùbá ní Jos, àwọn pásítọ̀ àti àwọn àlùfáà wa níbẹ̀, gbé ọ̀rọ̀ Gangare yẹ̀ wò. Ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ Mùsùlùmí kí àbúrò jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì láàárín wa, a lè tọ ìhà méjèèjì lọ láìjẹ́ pé a ń tijú. Nọ́ńbà fóònù ta ni lémọ́ọ̀mù yóò pè ní ṣọ́ọ̀ṣì bí àhesọ bá dé lóru? Ta ni yóò dúró ti ìdílé Kìrìsìtẹ́nì kan tó bá fẹ́ padà sí ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́ sí Gangare, àti ìdílé Mùsùlùmí tó bá fẹ́ padà sí àdúgbò tí wọ́n ti lé e? Ẹ jẹ́ kí wọ́n dáhùn nígbà tí ìlú bá tòrò.