Kòkòrò Inú Gíláàsì

Eleanor Ormerod kéré gan-an nígbà tí wọ́n gbé gíláàsì omi kan síwájú rẹ̀, tí kòkòrò omi wà nínú rẹ̀, pé kó máa wò wọ́n. Ọmọ náà jókòó, ó ń wò. Ọ̀kan nínú wọn fara pa. Àwọn tó kù bò ó, wọ́n fà á ya, wọ́n jẹ ẹ́. Ó sáré lọ sọ ohun tó rí fún àwọn ará ilé, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́.

Mo ti ro ìtàn yìí títí. Àwọn àgbà ilé náà ti rí omi adágún lọ́pọ̀ ìgbà ju ọmọ yẹn lọ, ṣùgbọ́n wọn kò jókòó tì í rí. Gbogbo wa la lójú. Ìdí tó lè jókòó pẹ́ ló ṣọ̀wọ́n.

Ọdún 1828 ni wọ́n bí i ní Gloucestershire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́wàá. Yunifásítì kì í gba obìnrin nígbà náà. Ìwé tó kà fúnra rẹ̀, ilẹ̀ baba rẹ̀, àti àwọn òṣìṣẹ́ oko tó ń bá a ṣa kòkòrò, àwọn wọ̀nyí ni ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Láti 1877 ló ti ń kó ohun tí àwọn àgbẹ̀ kọ ránṣẹ́ sí i jọ, tó sì ń fi owó ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dọọdún.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ọ̀tá ilé la fi òwe yìí ń bá wí, ṣùgbọ́n Ormerod lọ wo ìdí ẹ̀fọ́ ní tòótọ́. Ẹ wo eṣinṣin kan tó ń yọ màlúù àwọn àgbẹ̀ náà lẹ́nu. Ara irun màlúù ló ń yé sí. Ìdin rẹ̀ á wọnú ara lọ, á máa rìn fún ọ̀pọ̀ oṣù títí yóò fi dé abẹ́ awọ ẹ̀yìn, níbi tó ti ń dá ihò tó ń gbà mí. Àgbẹ̀ ń wo kókó lẹ́yìn ẹran rẹ̀ láìbìkítà. Oníṣòwò awọ ń ka ihò, ó ń ka àdánù. Ormerod tẹnu mọ́ ọn fún wọn pé ọ̀ràn kan náà ni, pé kí wọ́n tẹ ìdin náà jáde kó tó já bọ́ sílẹ̀ tí yóò di eṣinṣin.

Eṣinṣin yẹn kò mọ bàtà. Ibi tí ọmọ rẹ̀ yóò ti jẹun ló ń wá. Ẹnu ẹni tó fẹ́ ta awọ ni orúkọ "ọ̀tá" ti jáde. Ìbéèrè tí n kò lè gbójú fò nìyí: ta ló ń jẹ́ ọ̀tá, bí kì í bá ṣe ẹni tí a jọ fẹ́ nǹkan kan náà?

Ìmọ̀ Ormerod jinlẹ̀, síbẹ̀ ó ṣìnà. Òun ló gbé Paris green, májèlé tí arsenic wà nínú rẹ̀, dé oko eléso ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi yangàn. (Àwa tí a mọ Gammalin 20, oògùn apakòkòrò, lóko kòkó, tí a mọ̀ pé àwọn kan dà á sódò láti fi pẹja, kò yẹ kí a yára dá a lẹ́jọ́.) Ó tún dojú ìjà kọ ológoṣẹ́, nítorí ó ń jẹ ọkà. Òótọ́ ni pé ó ń jẹ ọkà. Ní 1958, ìjọba Ṣáínà náà pàṣẹ kí wọ́n pa ológoṣẹ́ run. Kòkòrò tí ẹyẹ náà ì bá jẹ gbilẹ̀, ó sì dá kún ìyàn ńlá tó tẹ̀ lé e.

Ohun tó wà nínú gíláàsì, Ormerod rí i dájú ju ẹnikẹ́ni lọ. Odò kò wọ inú gíláàsì.

Ní 1900, Yunifásítì Edinburgh fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá, obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n fún nírú rẹ̀. Ó kú lọ́dún kejì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí kòkòrò kan lábẹ́ ewé tẹ̀tẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Mo jókòó tì í. Ó ń jẹ létí ewé wá sáàárín, kò kánjú. Ewé kan náà la fẹ́ fi se ọbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo wò ó pẹ́, lẹ́yìn náà mo tẹ̀ ẹ́ pa, mo sì lọ fọ ọwọ́ mi.