Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àmọ́ ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ọmọ ti mọ̀ ló yẹ kí olùkọ́ kọ́kọ́ mú un gbà. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ mìíràn tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún kẹrin ò ṣe dáadáa tó wọn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì gan-an, àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ò gbẹ́yìn. (Kí òbí tó ń na ọmọ nítorí Yorùbá gbọ́ o!) Èdè nìkan kọ́ ló ṣe é, ṣá. Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìwé tuntun, wọ́n sì tún àwọn olùkọ́ kọ́, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ìjọba wa kì í fẹ́ náwó lé.