Ta Ni Ọ̀bùn Nínú Wa?

Nígbà kan rí, kò ṣòro láti mọ ọ̀bùn. Ẹni tí oòrùn bá yọ bá nídìí ìdọ̀tí rẹ̀ ni: tí kò tíì gbá iwájú ilé, tí àwo àná ṣì ń pe eṣinṣin jọ sídìí àdògán. Bí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá délẹ̀, alárinà á dọ́gbọ́n gba ẹ̀yìnkùlé kọjá kó tó wọlé jókòó, ohun tó bá sì rí níbẹ̀ ló máa lọ rò fún àwọn tó rán an. Ọrọ̀ kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ orúkọ yẹn, òṣì kò sì lè fi í kan ẹni tó ń tọ́jú àyíká rẹ̀. Lónìí, ojú wa ti dàrú. Ẹni tó ń da ìdọ̀tí sójú títì wọ aṣọ funfun, ẹni tó ń ṣà á wọ àkísà. A wo àwọn méjèèjì títí, a wá pe ẹni kejì ní ẹlẹ́gbin.

Ẹ dúró díẹ̀ ní Ìwó Road n'Ìbàdàn lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ bá dé. Gíláàsì jíìpù kan á sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ tí aago wúrà ń dán lára rẹ̀ á yọ síta, ike mínírà á bọ́ lu títì, gíláàsì á tún gòkè kí ooru má baà wọlé. Kò ní pẹ́ tí ọmọkùnrin kan tó gbé àpò ìrẹsì kọ́ èjìká á fi sáré bọ́ sáàrin ọkọ̀. Á fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ̀ lẹ́nu ha ike náà, á da ìwọ̀nba mínírà tó kù nínú rẹ̀ nù, á fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, á sọ ọ́ sápò. Jíìpù á fun fèrè mọ́ ọn: "Kúrò lọ́nà jàre, ọmọ bọ́là!" Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Tiwa ti ju ìgbàgbé lọ. Ẹni tó ṣu ló ń bú ẹni tó ń kó o. Ta wá ni ọ̀bùn?

Nínú ilé àwọn ìyá wa, ó ṣòro kí nǹkan tó di àdánù. Èèpo iṣu, ti ewúrẹ́ ni. Èèrí ògì, ti adìẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ìhá tó bá kù lẹ́yìn tí wọ́n ti fún epo tán, òun ni wọ́n fi ń dáná lọ́jọ́ kejì. Èèpo ẹkùrọ́, alágbẹ̀dẹ ń dúró dè é. Èyí tí gbogbo wọn bá sì kọ̀, ààtàn kì í kọ̀ ọ́. Orí ààtàn yẹn náà sì ni ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ti ń hù tútù yọ̀yọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọṣẹ dúdú ló máa ń yà mí lẹ́nu jù. Bí wọ́n bá la kòkó tán lóko, èèpo ló máa ń kù nílẹ̀ gègèrè. Wọ́n á sá a títí á fi gbẹ, wọ́n á sun ún títí á fi jóná di eérú. Wọ́n á da eérú náà sínú ìkòkò tí wọ́n dá lu nídìí, wọ́n á bu omi lé e, omi pupa bíi tíì á máa kán sínú ìkòkò tó wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá fi ahọ́n tọ́ ọ wò á mọ̀ pé kì í ṣe omi eré. Omi yẹn ni wọ́n ń gbé kaná pẹ̀lú àdín, wọ́n á máa rò ó, wọ́n á máa rò ó, títí á fi ki, títí á fi dúdú, títí apá obìnrin tó ń rò ó á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Ìdọ̀tí oko ni wọ́n sọ di ohun tí a fi ń wẹ ìdọ̀tí ara. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Àwọn ìyá wa kò dà á, wọ́n sè é.

Ẹnì kan lè bi mí pé ṣé ìwà wọn ló dára ni, àbí ìdọ̀tí wọn ló rọrùn. Ìbéèrè gidi ni. Ewé gbòdògì ni wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ, ewé eéran ni wọ́n fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Ẹni tó jẹun tán tó sọ ewé nù kò tíì ṣẹ ẹnikẹ́ni, nítorí kò ní pẹ́ tí ilẹ̀ á fi gbà á padà. Ọ̀rá ni tiwa. Ọ̀rá omi tí ènìyàn fà mu tán kó tó kọjá títì yóò wà nínú ilẹ̀ títí ọmọ-ọmọ rẹ̀ á fi darúgbó. Àwọn àgbà náà kò sì mọ́ tónítóní tó bí a ṣe ń ròyìn wọn. Sòbìyà ń yọ lẹ́sẹ̀ wọn nítorí omi tí wọ́n ń mu, ẹ̀yìn ààtàn sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń lọ gbọnsẹ̀. Bí wọ́n bá mọ́ tó bẹ́ẹ̀ ni, kí ni ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá ń rán wolé-wolé kiri sí?

Àwọn tó bá ti dàgbà díẹ̀ á rántí wolé-wolé. Aṣọ káki ló ń wọ̀. Á ṣí ìdérí ìkòkò omi, á tẹjú mọ́ inú rẹ̀. Bí tanwíjí bá ń jó nínú omi, ọ̀rọ̀ di ti kóòtù nìyẹn. Bí wọ́n bá gbúròó rẹ̀ ní òpópónà kejì, ìgbálẹ̀ á ti dọ́wọ́ gbogbo ìyàwó ilé. Owó ìtanràn ń dùn wọ́n, n kò jiyàn, ṣùgbọ́n kí wọ́n pe ènìyàn lẹ́jọ́ nítorí ẹ̀gbin, kí onídùńdú máa fojú júwe rẹ̀ lọ́jà, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ojú wọn máa wálẹ̀. Nítorí náà, ìdáhùn mi ni pé òótọ́ ni, ìdọ̀tí wọn rọrùn. Ìtìjú wọn ló wúwo. Ní tiwa, ìdọ̀tí ló wúwo, ìtìjú sì ti fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí atẹ́gùn ti gbé e lọ.

Ìbàdàn ti san ìtanràn tó ju ti kóòtù lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, omi odò Ògùnpa ya wọ àárín ìlú, ó kó ilé, ó kó ọkọ̀, ó kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, àgbàrá tún dé, ẹ̀mí tó lé ní 100 sì tún bá a rìn. Òjò pọ̀ lọ́jọ́ méjèèjì, àwọn kan sì ti kọ́lé sójú ọ̀nà omi. Ṣùgbọ́n ojú odò àti gọ́tà tí ìdọ̀tí ti dí pa wà lára ohun tó sọ òjò di ìjàǹbá. Bí ẹkún bá rọlẹ̀ tán, ohun tí a máa ń sọ ni pé ìjọba ni. Ikú ọkọ ni ọ̀bùn tì rọ̀, ó ní ọjọ́ tí ọkọ òun ti kú ni òun kò ti wẹ̀. Ìjọba jẹ̀bi, n kò bá wọn wí àwíjàre. Ṣùgbọ́n ìjọba kọ́ ló ń dúró kí òjò ṣú kó tó gbé garawa ìdọ̀tí jáde, kí àgbàrá lè bá a gbé e lọ. Ta ló ń dúró dè é níbi tí àgbàrá ń gbé e lọ? Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Ọ̀rá tí ẹni òkè jù sí gọ́tà ló ń gbé omi wọ yàrá ẹni ìsàlẹ̀, ẹni ìsàlẹ̀ yẹn sì lè jẹ́ àna rẹ̀.

L'Ékòó, wọ́n rò pé ààtàn ńlá Olúsosùn ní Òjòta jìnnà sílé. Ìlú dàgbà, ó yí ààtàn ká, ilé àti ọjà sì súnmọ́ ọn. Oúnjẹ tí a bá bò mọ́lẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, gáàsì tó ń gbiná ló ń pọn nígbà tó bá ń jẹrà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, ààtàn náà gbiná, èéfín bo àdúgbò mọ́lẹ̀. Olówó mí i símú, tálákà náà mí i símú.

Ìjọba kúkú ti fi kóbókó gbìyànjú láti mú kí ìlú mọ́ rí. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gbé Ogun sí Ìwà Àìníjàánu dìde ní 1984, Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù di ọjọ́ ìmọ́tótó: láti aago méje sí mẹ́wàá òwúrọ̀, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ rìn. Ìlú mọ́ nígbà náà, ẹ má jẹ́ ká parọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kí ni a ṣe sí wákàtí mẹ́ta náà nígbà tó yá? A sọ ọ́ di àkókò oorun àti ti bọ́ọ̀lù ojú títì. Àwọn tó sì kó gọ́tà pàápàá, etí gọ́tà ni wọ́n kó ẹrẹ̀ jọ sí, òjò àkọ́rọ̀ á sì dá a padà sínú rẹ̀. L'Ékòó, nígbà tí kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a lẹ́jọ́ pé kò bófin mu láti sé àwọn ènìyàn mọ́lé, ìjọba wọ́gi lé ìsémọ́lé náà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016, ọ̀pọ̀ sì gbé ìgbálẹ̀ tì sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀wẹ̀ tí àwọn baba wa ń pè láti yẹ ọ̀nà odò kò ní ṣọ́jà nínú. Ẹni tí kò wá mọ̀ pé òun náà á bẹ ọ̀wẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ọgbọ́n kò tíì kú tán ṣá o. Ní ọjà Bódìjà, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn ti jẹ́ ká rí i tipẹ́ pé ìdọ̀tí ọjà àti ìgbẹ́ màlúù láti odò ẹran ṣeé sọ di ajílẹ̀. Ní 2012, Bilikiss Adébíyì-Abíọ́lá dá iléeṣẹ́ Wecyclers sílẹ̀ l'Ékòó. Kẹ̀kẹ́ akẹ́rù wọn ń wọ àdúgbò tí ọkọ̀ akólẹ̀ kò lè wọ̀, wọ́n ń wọn ike àti agolo lọ́wọ́ onílé, onílé sì ń rí ẹ̀bùn gbà. Ní Ajégúnlẹ̀, àwọn òbí kan ti fi ike tí wọ́n ṣà jọ san lára owó iléewé ọmọ wọn. Ike mínírà tó bọ́ láti ojú fèrèsé jíìpù yẹn náà, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń yọ́ ọ, ó sì ń di òwú tí a fi ń kì ìrọ̀rí. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó jù ú nù máa gbórí lé e sùn.

Inú mi dùn sí gbogbo èyí, síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀ tán. Bó bá jẹ́ pé owó nìkan ló ń mú wa bẹ̀rẹ̀ mú ike nílẹ̀, ọjọ́ tí owó ike bá já, kí la ó ṣe? Ìyá tó ń se ọṣẹ náà ń tà á, n kò gbàgbé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó ń gbá láàárọ̀, kò sẹ́ni tó ń sanwó rẹ̀ fún un, ó sì ń gbá a kọjá ààlà ilé rẹ̀ dé iwájú ilé opó tó wà nítòsí.

Ní àdúgbò tèmi, wọ́n kọ ọ́ sára géètì gàdàgbà pé ọmọ bọ́là kò gbọdọ̀ wọlé. Ìdí wà fún un: wọ́n ti jí ìkòkò tí ẹnì kan sá sóòrùn rí. Olè wà nínú wọn, gẹ́gẹ́ bí olè ti wà nínú àwọn tó ń wọ agbádá. Ẹgbẹ́ onílé wa ti ṣèpàdé lórí fẹ́ǹsì, a ti ṣe lórí tiransifọ́mà, a ti ṣe lórí owó ọlọ́dẹ. A kò tíì ṣe lórí gọ́tà. A ń sanwó fún ọkọ̀ akólẹ̀ tí kì í wá, a sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ìbá wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí mo fẹ́ gbé lọ sípàdé kò le. Kí ilé kọ̀ọ̀kan ní àpò méjì, ọ̀kan fún ike àti ọ̀rá, ọ̀kan fún èèpo àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù. Kí a yan ọmọkùnrin méjì lára àwọn tó ń ṣa ike, kí ọlọ́dẹ mọ orúkọ àti ojú wọn, kí wọ́n máa wọlé láàárọ̀ Sátidé, kí àwa náà sì kó gọ́tà ojúlé wa láàárọ̀ kan náà. Mo kọ́kọ́ fi tó alága létí. Ó fọwọ́ họ orí, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò rò pé àwọn ọmọ yẹn á ba ẹwà àdúgbò wa jẹ́?" Mo bi í pé ẹwà wo. Ó ní ká jẹ́ kó dìpàdé.