ÀMÁÁNÀ NI ẸNI TÍ LÀÁKÀYÈ RẸ̀ KÒ PÉ MỌ́

Bismillahi Rahmani Rahim. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó fi làákàyè ta ọmọ ènìyàn lọ́rẹ, tí Ó sì lè gbà á padà nígbà tí Ó bá fẹ́. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ pátápátá.

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lóṣù yìí kì í ṣe èyí tí a máa ń fẹ́ sọ ní gbangba. Ó jẹ mọ́ àwọn àgbàlagbà tí làákàyè wọn kò tó mọ́ láti dá ọ̀rọ̀ ara wọn rò: arúgbó tó ń ṣàrán, ẹni tí àrùn ọpọlọ ń bá jà, ẹni tí a bí tí ọpọlọ rẹ̀ kò jí pépé. Wọ́n wà nínú ilé wa. Ìtìjú ni kì í jẹ́ kí á mẹ́nu bà wọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju àwọn ará ilé lọ. Ní Ọ̀fà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, bí bàbá kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàrán, ẹ̀gbọ́n wà, àbúrò wà, gbogbo agbo ilé ló ń fojú sí i lára. Ní ìdálẹ̀ tí a wà yìí, ó lè jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo ló kù lọ́dọ̀ rẹ̀, tàbí ayálégbé lásán. Ká sọ pé bàbá náà ti kọ́ ilé sí Sabon Gari láti ogójì ọdún sẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan gbé ìwé wá, ó ní, "Bàbá, ẹ tẹ̀ka síbí." Bàbá tẹ̀ka. Ó rò pé ìwé owó ìfẹ̀yìntì ni. Kí àwọn ọmọ yòókù tó dé, ilé ti di ti ẹlòmíràn. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni yóò jẹ́jọ́ ìka yẹn lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀? Bàbá kọ́. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti sọ fún wa pé a ti gbé gège kúrò lórí àwọn mẹ́ta: ẹni tó sùn títí yóò fi jí, ọmọdé títí yóò fi bàlágà, àti ẹni tí orí rẹ̀ dàrú títí làákàyè rẹ̀ yóò fi padà. Bí gège bá ti kúrò lórí tirẹ̀, orí tiwa ló wà.

Ọlọ́hun kò fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láìla ọ̀nà rẹ̀. Nínú Suuratu-n-Nisaai, aaya 5, Ó kọ̀ fún wa láti kó dúkìá lé ọwọ́ ẹni tí òye rẹ̀ kò pé. Ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀: Ó ní kí á máa bọ́ ọ láti inú owó náà, kí á máa wọ̀ ọ́ láṣọ, kí á sì máa bá a sọ̀rọ̀ dáadáa. Nínú Suuratul-Bakara, aaya 282, níbi tí Ó ti kọ́ wa ní àkọsílẹ̀ gbèsè, Ó ní bí ajigbèsè bá jẹ́ ẹni tí òye rẹ̀ kò tó, alámòójútó rẹ̀ ni kí ó sọ ohun tí a ó kọ, pẹ̀lú déédé. Ẹ fọkàn sí "pẹ̀lú déédé" yẹn. Alámòójútó kì í ṣe ajogún tí kò lè dúró de ikú.

Àwọn kan á ní, "Níwọ̀n ìgbà tí orí rẹ̀ kò pé, kí á gba gbogbo nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, kí á tìlẹ̀kùn mọ́ ọn." Ẹ gbọ́ ohun tí Ànábì ṣe. Ọkùnrin kan wà láyé rẹ̀ tí ó máa ń tà, tí ó máa ń rà, ṣùgbọ́n tí òye rẹ̀ kò lágbára. Àwọn ará ilé rẹ̀ wá bẹ Ànábì pé kí ó dá a lẹ́kun. Ànábì pè é, ó sì kọ òwò fún un. Ọkùnrin náà ní òun kò lè mú un mọ́ra. Ànábì kò fi ipá mú un. Ó ní bí kò bá lè fi òwò sílẹ̀, kí ó máa sọ fún ẹni tó bá bá a ná ọjà pé kò gbọdọ̀ sí ìrẹ́jẹ. Ó dáàbò bò ó, kò sì gba ayé rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìtàn kejì: obìnrin kan tí nǹkan ń ṣe làákàyè rẹ̀ wá bá Ànábì pé òun ní ẹjọ́ kan. Ànábì sọ fún un pé kí ó mú ojú ọ̀nà tó bá wù ú, òun yóò bá a lọ síbẹ̀. Ó sì dúró tì í títí ó fi tán ẹjọ́ rẹ̀. Àwa ńkọ́? Bí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bá wọ mọ́ṣáláṣí wa, ìgbálẹ̀ ni a máa fi lé e.

Àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ní ìlú Ọba ní ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ń kọ́ lórí èyí, tí a gbé ka òfin ilẹ̀ náà ti ọdún 2005 tí wọ́n ń pè ní Mental Capacity Act. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ márùn-ún. Kí á gbà pé ènìyàn lè pinnu títí a ó fi rí i pé kò lè ṣe é. Kí á kọ́kọ́ ràn án lọ́wọ́ láti pinnu. Kí á má pe ẹni tó kàn ṣe ìpinnu tí kò wù wá ní aláìlóye. Bí a bá pinnu fún un, kí ó jẹ́ fún àǹfààní tirẹ̀. Kí á sì yan ọ̀nà tí yóò dín òmìnira rẹ̀ kù mọ níwọ̀n jùlọ. Ẹni tó bá mọ hadiisi oníṣòwò yẹn kò ní rí nǹkan àjèjì níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ fíkíhì wa náà ní ohun tí ẹni tí orí rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀ bá ṣe lásìkò tí orí rẹ̀ pé, ó múlẹ̀. Bàbá tí kò lè ta ilé mọ́ ṣì lè yan aṣọ tí yóò wọ̀ lọ kí Júmọ́ọ̀.

Ní ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá kó àwọn ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tó lé ní 300 jáde nínú ilé kan ní Rigasa, ní Kaduna; ọ̀pọ̀ wọn ni a fi ẹ̀wọ̀n dè lẹ́sẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde lórí ibùdó 28 tí wọ́n bẹ̀ wò ní ìpínlẹ̀ 8 àti Abuja. Ti Mùsùlùmí wà níbẹ̀, ti Kristẹni wà níbẹ̀, ti oníṣègùn ìbílẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹ̀bi náà kárí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun tó rọ́pò Lunacy Act ọdún 1958, èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ ti wà láti 1916.

Kí ni kí á ṣe? Àkọ́kọ́, bí arúgbó bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kántankàntan láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, ẹ má pè é ní àrán, ẹ má sì pè é ní àjẹ́. Ó lè jẹ́ ibà, tàbí àìtó omi lára, tàbí ṣúgà tó wálẹ̀. Ẹ tètè gbé e lọ sí ọsibítù. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Barnawa ní Kaduna, ní Kware ní Sokoto, àti ní Maiduguri.

Ẹ̀kejì, kí ẹgbẹ́ wa bẹ àwọn nọ́ọ̀sì tó wà láàárín wa kí wọ́n kọ́ wa ní ìtọ́jú yìí, kí àwọn asalátù náà sì gbọ́ ọ, nítorí àwọn ìyá ló ń gbé ẹrù náà jù.

Ẹ̀kẹta, kí ẹnikẹ́ni má dá nìkan gba ìtẹ̀ka lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kí owó rẹ̀ ní àkọsílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí sì wà. Ọlọ́hun ní alágbàtọ́ ọmọ òrukàn tó bá lọ́rọ̀ kí ó mójú kúrò lára owó náà, kí tálákà inú wọn jẹ níwọ̀n tó bá tọ́. Ẹ fi kọ́gbọ́n.

Ẹ̀yin ará, làákàyè tí a fi ń kà ìwé yìí, àyálò ni. Bí a bá ṣe tọ́jú ẹni tí tirẹ̀ ti lọ lónìí ni àwọn ọmọ wa ń wò, tí wọ́n ó sì fi tọ́jú wa lọ́la. Kí Ọlọ́hun bá wa ṣọ́ làákàyè wa dọjọ́ ikú. Àwọn tí tiwọn ti ń rẹ̀ sílẹ̀, kí Ó má fi wọ́n lé ọ̀dàlẹ̀ lọ́wọ́. Aamin.