Àánú Ha Kú Pẹ̀lú Aláàánú Bí?

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún 2025, ní ọjọ́ kejì Àjíǹde, ni Póòpù Francis, olórí Ìjọ Àgùdà, kú ní Vatican, ní ẹni ọdún 88. Ìbéèrè kan dìde níbi ikú rẹ̀ tí ó kan gbogbo Kristẹni: nígbà tí aláàánú bá lọ, kí ni ó kù lọ́wọ́ àwa tí a ń yìn ín?

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun kan tí ó ṣe. Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní Gúúsù Sudan ní ọdún 2013, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sì ṣàn. Justin Welby, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury nígbà náà, dá a lábàá pé kí a pe àwọn olórí ilẹ̀ náà wá sí Vatican fún àdúrà. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2019, Francis, ẹni ọdún 82, kúnlẹ̀, ó fi ẹnu ko ẹsẹ̀ Ààrẹ Salva Kiir àti ti Riek Machar alátakò rẹ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró nínú àlàáfíà. Àwa tí ọmọdé ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà ní ilẹ̀ wa mọ bí ohun náà ti wúwo tó.

Ẹnìkan yóò wí pé, Èyí ha tọ́ bí? Ta ni yóò nu omijé àwọn opó? Òtítọ́ ni. Àánú tí ó pe ẹ̀ṣẹ̀ ní ohun kékeré, ó rẹ́ ẹni tí a ṣẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Francis kò wí pé wọn kò jẹ̀bi. Ẹ̀bẹ̀ náà fúnra rẹ̀ jẹ́rìí pé ibi ń bẹ.

Ẹlòmíràn yóò wí pé asán ni, nítorí pé ní oṣù kẹta ọdún 2025 ìjà tún bẹ́ sílẹ̀, a sì há Machar mọ́ ilé rẹ̀. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí ẹni tí ó kúnlẹ̀ fún wọn fi kú. Níhìn-ín ni ìgbàgbọ́ ti wọlé. Arúgbó tí ń gbin obì mọ̀ pé ọmọ-ọmọ òun ni yóò ká a. Síbẹ̀ ó ń gbìn ín. Kò sí ẹni tí ó lè ṣàánú pẹ́ bí kò bá gbà pé Ọlọ́run ń tọ́jú irúgbìn tí ojú kò tíì rí.

Wọ́n sin ín sí ilé Ọlọ́run Santa Maria Maggiore ní Róòmù, orúkọ rẹ̀ nìkan, Franciscus, ni wọ́n kọ sára ibojì náà. Bí a bá yìn ín tán, tí a sì padà sílé lọ bá ọmọ ìyá wa yodì nítorí ilẹ̀ ogún, àánú ti kú lóòótọ́, àwa ni a sì pa á. Ta ni ìwọ yóò kọ́kọ́ tọ̀ lọ? Kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́. Àmín.