Ìbọn Àkọ́kọ́

Tí èèyàn bá fẹ́ ra ìbọn fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, irú èwo ló yẹ kó rà? Ẹ má wò wá bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Texas àti Georgia ń lọ yìnbọn ní pápá lópin ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ń fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa ní Ilé-Ifẹ̀. Ìbọn tó ń ki ara rẹ̀ ló sábà máa ń wà lọ́wọ́ wọn. O fa apátí lẹ́ẹ̀kan, ọta kan jáde. Agbára ọta yẹn náà ló máa ti èèpo tó ṣófo dànù, tí á sì gbé òmíràn wọlé. O tún fà á, òmíràn tún jáde.

Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún kò burú: kó mú kékeré, ìyẹn .22. Ọta rẹ̀ kò wọ́n, kì í gbá èèyàn léjìká, ariwo rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Ruger 10/22 tó jáde lọ́dún 1964, tó ń gba ọta 10, ni ọ̀pọ̀ wọn fi kọ́ ọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn tí ọkùnrin kan fi irú ìbọn tó ń ki ara rẹ̀ àti ìbọn ìléwọ́ pa èèyàn 16 ní Hungerford lọ́dún 1987, òfin ọdún 1988 gba àwọn ráífù ńlá bẹ́ẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ará ìlú, ó sì fi .22 sílẹ̀.

Nílé ńkọ́? Òfin ìbọn ọdún 1959 ṣì ni. Ṣakabùlà ń fẹ́ ìwé àṣẹ. Ìbọn ọdẹ olójú méjì, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ló ń fúnni láṣẹ rẹ̀. Tí ìbọn ọdẹ náà bá ti lè ki ara rẹ̀, ó ti kúrò nínú èyí tí ará ìlú lè tọrọ. Ráífù ológun sì rèé, àfi Ààrẹ. Fún ẹni tó ń gbé ní Lágere, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní òfin gbà á, ó ku ohun kan tó ń jẹ wá lọ́kàn. Ẹ wo ọdẹ tó gbé ṣakabùlà. Ó ní láti da ẹ̀tù sí i, kó fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀, kó tó ki ọta. Tó bá yìn ín tí kò bà á, ìgalà ti wọ ìgbẹ́ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń dúró kó rí ojú ẹran dáadáa kó tó fa apátí. Síbẹ̀, a máa ń gbọ́ ọ pé ọdẹ ṣi ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pè ní ẹran. Tí ìbọn tó ń fúnni láyè láti wò bá ń ṣe báyìí, èyí tí kò fúnni láyè ńkọ́?

Ẹnì kan á ní sùúrù tí irinṣẹ́ fi tipátipá kọ́ni kì í ṣe ìwà. Òótọ́ ni, kò tíì di ìwà. Àmọ́ ibẹ̀ ni ìwà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ìbọn rẹ̀ lọ́ra fún ọdún márùn-ún, ojú rẹ̀ á ti mọ bí a ṣe ń wò.

A ò sọ pé ìbọn tó lọ́ra ló máa gba ìlú là o. Ifẹ̀ mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín 1997 sí 2000, ìjà Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ sọ ọ̀pọ̀ ilé di àlàpà. Ní ìdájí ọjọ́ 10 oṣù Keje 1999, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn wọ ilé akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ 5. George Iwilade tí wọ́n ń pè ní Afrika wà lára wọn. Àwọn tó ṣe é ti pinnu kí wọ́n tó jáde nílé. Ìbọn wo ló máa rọ irú wọn? Ẹni tí ẹ̀rù bà, ẹni tínú ń bí, ẹni tí kò dá a lójú pé èèyàn ni òun ń wò, àwọn yẹn ni ìṣẹ́jú kan lè gbà sílẹ̀. Àwa tó pọ̀ jù, ibẹ̀ yẹn la wà.

Èsì tó le jù tí a gbọ́ ni ti àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀nà. Wọ́n dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù Kínní 2020, nígbà tó sì di 2022, Gómìnà Akérédolú ti Oǹdó ké gbàjarè pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn náà gbé ìbọn tó le. Ajínigbé tó gbé AK-47 kò ní dúró dè ọ́ kí o gún ẹ̀tù tán. A gbà, a ò sì rí èsì tó rọrùn fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀nà ní ọ̀gá tó lè bi í léèrè ìdí tó fi yìnbọn. Ẹni tó ń ra ìbọn àkọ́kọ́ fún eré kò ní irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Texas, tó bá jẹ́ pé ẹ máa rà á dandan, ẹ ra .22 yẹn. Àwọn baba wa ti ní ìbọn ìbáà lápátí, ìbáà má lápátí, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n kọjú ẹ̀ sóun; ẹ má kọ ọ́ sí ẹnikẹ́ni, bó tilẹ̀ ṣófo. Ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ẹ má kún mágásìnì. Ọta kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ kì sí i. Ẹ yìn ín, ẹ gbé ìbọn sílẹ̀, ẹ dúró kí wọ́n ní pápá ti dákẹ́, kẹ́ ẹ rìn lọ wo ibi tí ọta bà, kẹ́ ẹ tó padà wá ki èkejì.