Bí Olùkọ́ Bá Lọ, Ikin Dà?

Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní ọdún 2020, ìjọba ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ní oṣù Kẹta. Oṣù yẹn gan-an ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tí kò dáwọ́ dúró títí di oṣù Kejìlá. Akẹ́kọ̀ọ́ oyè másítà tàbí oyè ọ̀mọ̀wé tó padà sílé ní Ìjerò, Àrámọ̀kọ tàbí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní ilẹ̀ Èkìtì kò rí olùkọ́ rẹ̀ mọ́, ilé ìkàwé náà sì wà ní títì. Ǹjẹ́ ẹ̀kọ́ lè máa lọ nígbà tí olùkọ́ kò sí nítòsí?

Ifá ti dáhùn, nínú ìtàn tó kan ilẹ̀ yìí gbọ̀ngbọ̀n. Alárá, ọba Àrámọ̀kọ, àti Ajerò, ọba Ìjerò, wà lára ọmọ mẹ́jọ tí Ọ̀rúnmìlà bí. Ọlọ́wọ̀, àbíkẹ́yìn wọn, ló kọ̀ tí kò kí baba, ó ní òun náà dé adé. Ọ̀rúnmìlà bá bínú lọ sọ́run. Ayé dàrú: aboyún kò bí, òjò kò rọ̀. Àwọn ọmọ lọ bẹ̀ ẹ́, kò bá wọn padà. Ikin mẹ́rìndínlógún, ẹkùrọ́ tí a fi ń dá Ifá, ló kó lé wọn lọ́wọ́, ó ní ẹni tí wọn yóò máa bi léèrè nìyẹn. Ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ ni pé ẹ̀kọ́ lè fara da kí olùkọ́ jìnnà. Àìsí ikin ni kò lè fara dà.

Ẹnìkan lè ní ikin kì í sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Òótọ́ ni; àmì ló fi ń sọ̀rọ̀. Bí babaláwo bá ń pa ikin, tí ẹyọ kan ṣẹ́kù lọ́wọ́ òsì, ojú méjì ni yóò tẹ̀ sínú ìyẹ̀rosùn. Bí méjì bá ṣẹ́kù, ojú kan ni. Ẹkùrọ́ lásán ni ọ̀gbẹ̀rì ń rí, torí kò tíì jókòó ti ẹnikẹ́ni kọ́ Odù 256. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ oyè gíga ti jókòó rí; ó ti mọ ìbéèrè í bi. Dátà, iná, ìwé orí kọ̀ǹpútà àti olùkọ́ tó ń gbé ìpè, ikin tirẹ̀ nìyẹn. Àwọn fásitì aládàáni kan fi íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ ọmọ wọn lásìkò náà, ẹ̀kọ́ kò sì kú.

Ẹlòmíràn lè ní olùkọ́ tí ebi ń pa kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ikin. Ẹ̀hónú wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ọ̀rúnmìlà; ìtàn kò sì dá a lẹ́bi pé ó lọ. Síbẹ̀, ìbínú rẹ̀ kò ní kó má fi nǹkan sílẹ̀. Ìjọba tó tìlẹ̀kùn, tí kò sì bínú sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan, ni gbèsè yìí kọ́kọ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Alárá àti Ajerò kò rí baba wọn mú bọ̀, àmọ́ wọn kò darí wálé lọ́wọ́ òfo. Akẹ́kọ̀ọ́ fásitì ìjọba tó wọkọ̀ padà sí Àrámọ̀kọ ní oṣù Kẹta yẹn, kí la kó lé e lọ́wọ́?